Ẹ̀rọ ojú ọjọ́ lórí àpáta tí Màmá mi ń sá gbodo sí: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ èlùbọ́ ni Màmá mi ń ṣe ní Ṣakí. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, á sun inú omi náà mọ́jú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o lọ sá sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ní ìparí ọdún 2023, gbodo àpò mẹ́rin bu mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi ni mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù mi ní Ìbàdàn, tí mo ní oòrùn máa ràn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú láti kó o wọlé lálẹ́. Oòrùn ràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru lórí àpáta yẹn, fóònù mi ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ẹnu mi ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ohun tí mo wá pinnu ni pé kí ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí àpáta náà gan-an. Kó máa ka ìgbóná, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì máa kọ ọ́ sínú Google Sheets tí èmi ní Ìbàdàn àti àwọn ọmọ iṣẹ́ Màmá ní Ṣakí lè jọ máa ṣí lórí fóònù. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí ó tó dúró. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe lọ, àṣìṣe àti gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má bàa ná irú owó tí mo ná.

Ohun tí mo rà

- Bọ́ọ̀dù NodeMCU ESP8266 (kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi), méjì: ₦15,000
- Sẹ́ńsọ̀ DHT22, tó ń ka ìgbóná àti ọ̀rinrin: ₦5,500
- Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n pè ní BME280 fún mi, tí kì í ṣe òun: ₦4,000
- BME280 gidi: ₦9,500
- Bátìrì 18650 kan pẹ̀lú ilé rẹ̀: ₦3,500
- TP4056, tó ń gba iná sólà sínú bátìrì: ₦1,000
- MT3608, tó ń gbé iná bátìrì sókè sí fóòtì (volt) 5: ₦1,500
- Pánẹ́ẹ̀lì sólà fóòtì 6, wáàtì 3: ₦7,000
- Àwo rọ́bà funfun méje, bóòtù gígùn mẹ́ta, nọ́ọ̀tì, ọ̀dà funfun: ₦6,800
- Páìpù rọ́bà, ike onídèérí, wáyà, lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà: ₦5,200

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦59,000. Nínú rẹ̀, ₦17,000 ló bá àṣìṣe lọ: bọ́ọ̀dù kan tí mo jó, DHT22 tí mi ò lò mọ́, àti sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fi orúkọ èkejì tà fún mi. MiFi ti wà nílé tẹ́lẹ̀, mítà àti irin tí mo fi ń jó wáyà náà ti wà lọ́wọ́ mi.

Ìpele 1: Kí ìwé náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́

Orí sẹ́ńsọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Orí ìwé ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, torí tí ìlà ò bá wá wọlé nígbà tó bá yá, ẹ óò ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Google kọ́ ni ìṣòro wà.

Mo ṣí Google Sheets tuntun, mo sọ ojú ewé rẹ̀ ní Oju_ojo, mo sì kọ orí òpó márùn-ún: àsìkò, ìgbóná, ọ̀rinrin, ìtẹ̀, bátìrì. Mo wọ Extensions, mo tẹ Apps Script (ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù fún ìwé náà), mo pa ohun tí mo bá níbẹ̀ rẹ́, mo kọ èyí rọ́pò rẹ̀:

function doGet(e) {
  var p = e.parameter;
  if (p.oro != "ORO_ASIRI_YIN") {
    return ContentService.createTextOutput("Ko si aye");
  }
  var iwe = SpreadsheetApp.openById("ID_IWE_YIN").getSheetByName("Oju_ojo");
  var asiko = new Date(Date.now() - Number(p.eyin) * 15 * 60000);
  iwe.appendRow([asiko, Number(p.t), Number(p.h), Number(p.p), Number(p.b)]);
  return ContentService.createTextOutput("O ti wole");
}

Lẹ́yìn náà, Deploy, New deployment, Web app. Níbi Execute as, Me ni kí ẹ mú. Níbi Who has access, Anyone ni. Tí ẹ bá mú nǹkan mìíràn níbi kejì yìí, ojú ewé tí wọ́n ti ń béèrè páásíwọọ̀dù ni bọ́ọ̀dù yín máa já sí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ páásíwọọ̀dù. Líǹkì gígùn kan tó parí sí /exec ni wọ́n máa fún yín. Mo so ọ̀rọ̀ àṣírí náà àti iye tí mo kàn fi orí ara mi rò mọ́ ìdí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sínú Chrome lórí fóònù, ìlà kan wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òmíràn wọlé.

Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn kúrò. Anyone tí a mú yẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè kọ nǹkan sínú ìwé yín.

Ohun méjì dá mi dúró níbí. Àkọ́kọ́, ìlà tí mo fi ránṣẹ́ ní aago 2 ọ̀sán, aago 6 àárọ̀ ni ìwé kọ sí i lára. Àkókò ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ìwé tuntun mi ń lò. Mo wọ File, Settings, mo yí àkókò rẹ̀ sí ti Èkó, ó tọ́. Èkejì jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi: mo ń tún kóòdù ṣe, mo ń fi pa mọ́, síbẹ̀ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló ń ṣe. Fífi pa mọ́ nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ padà sí Deploy, Manage deployments, kí ẹ tẹ bírò kékeré tó wà níbẹ̀, kí ẹ mú New version. Líǹkì ò ní yí padà, ṣùgbọ́n kóòdù tuntun ló máa dúró nídìí rẹ̀.

Ìpele 2: DHT22, àti ìdí tí mo fi yọ ọ́

Mo so DHT22 mọ́ bọ́ọ̀dù, rẹsítọ̀ 10k láàárín ẹsẹ̀ dátà àti fóòtì 3.3. Nínú yàrá mi ní Ìbàdàn, ó kà dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé e lọ sí Ṣakí, mo fi sínú ike ońjẹ kan tí mo lu ihò sí lábẹ́, mo gbé e ka orí àpáta. Ìrì sẹ̀ lóru. Láti aago 1 òru ni ọ̀rinrin ti di 99.9%, nígbà tó sì di aago 11 àárọ̀ tí oòrùn ti mú ganrínganrín, 99.9% náà ló ṣì ń kà. Mo yọ ọ́, mo gbẹ ẹ́, ó padà bọ̀ sípò. Lóru kejì, ohun kan náà.

Fún inú ilé, mi ò ní èèyàn má lò ó. Fún ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ sórí àpáta, mi ò fọkàn tán an mọ́.

Ìpele 3: BME280 tí kì í ṣe BME280

BME280 ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìgbóná, ọ̀rinrin, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Ìbátan rẹ̀, BMP280, kì í ka ọ̀rinrin rárá, owó rẹ̀ sì kéré jù ú lọ. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé méjèèjì lé lè jọra bí ìbejì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, BME280 ni ẹni tó tà á kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀. Wáyà mẹ́rin péré ni: VIN sí 3V3, GND sí GND, SCL sí D1, SDA sí D2. Ìgbóná wá, ìtẹ̀ wá, ọ̀rinrin ò wá. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tú kóòdù mi palẹ̀, èyí ni mo kà sí àṣìṣe mi, torí kóòdù náà ò ní àbùkù kankan.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dààmú: ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù ka nọ́ńbà inú rẹ̀ tó wà ní 0xD0. Tó bá jẹ́ 0x60, BME280 ni. Tó bá jẹ́ 0x58, BMP280 ni wọ́n tà fún yín. Ojú náà lè mọ̀ ọ́n: irin kékeré dídán tó wà lórí BME280 dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti BMP280 gùn díẹ̀ lápá kan. Mo mú fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà kejì, mo fi kámẹ́rà rẹ̀ fa irin náà súnmọ́ ojú kí n tó sanwó.

Tí láíbìrì yín (kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ náà) bá ní òun ò rí sẹ́ńsọ̀, ẹ yí àdírẹ́sì láti 0x77 sí 0x76. Èyí tó wà lọ́jà níbí, 0x76 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ́. Mo tún fi í sí ipò forced, kó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá ní kó kà ló máa kà, torí tó bá ń kà láìdákẹ́, ara rẹ̀ á máa gbóná, á sì máa ka ooru ara rẹ̀ mọ́ ti afẹ́fẹ́.

Ìpele 4: Ìlà kan di mẹ́ta

Nígbà tí bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, gbogbo ìlà ló ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbóná kan náà, ọ̀rinrin kan náà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra wọn. Kóòdù tí mo kọ ni pé tí ìdáhùn Google ò bá jẹ́ 200 (ìyẹn ni pé ó ti yọrí), kó tún fi ránṣẹ́, títí dé ìgbà mẹ́ta. Ìdáhùn tó ń wá sì jẹ́ 302.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé Apps Script á ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, á ti kọ ìlà sínú ìwé, kó tó wá sọ fún bọ́ọ̀dù pé ìdáhùn wà ní àdírẹ́sì mìíràn, kó lọ mú un níbẹ̀. Ìyẹn ni 302. Èmi kà á sí pé kò wọlé. Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Nígbà tí mo ṣì ń dán an wò, mo fi ìlà yìí sí i kó lè tẹ̀ lé àdírẹ́sì kejì, kí n lè rí "O ti wole" pẹ̀lú ojú mi:

http.setFollowRedirects(HTTPC_STRICT_FOLLOW_REDIRECTS);

Nígbà tó dé orí àpáta, mo yọ ọ́, mo ní kí kóòdù gba 302 bí ẹni gba 200. Ìdí ni pé lílọ sí àdírẹ́sì kejì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kún àsìkò tí bọ́ọ̀dù fi ń la ojú sílẹ̀, bátìrì ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Fún https, client.setInsecure() ni mo lò. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Google gidi ló ń bá sọ̀rọ̀. Fún ìwé tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní lò ó fún ohunkóhun tó bá kan owó.

Ìpele 5: Iyọ̀

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni iye ọ̀rinrin tí sẹ́ńsọ̀ ń pè? Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ló dáhùn. Afẹ́fẹ́ inú ibi tó dé pa, tí iyọ̀ tútù wà nínú rẹ̀, máa ń dúró sí 75% ọ̀rinrin, bóyá ilé tutù díẹ̀ tàbí ó gbóná díẹ̀. Mo bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò omi, mo kán omi sí i títí ó fi dà bí iyanrìn etí odò: kó tutù, kí omi má léfòó. Mo gbé e sínú ìgò bọ́tà ẹ̀pà tó ti tán, mo fi sẹ́ńsọ̀ kọ́ sókè kó má kan iyọ̀, mo fa wáyà gba ìdérí, mo fi góòmù dí ihò rẹ̀. Aago 8 alẹ́ ni mo dé e.

Ní aago 6 àárọ̀, 72.1% ló ń kà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di aago 9. Mo fi 3 kún un nínú kóòdù. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 66% ló ṣì ń kà, ká ní ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró ni, àtúnṣe tí mo ṣe ì bá ba ìwé náà jẹ́.

Ìpele 6: Iná, ibi tí mo ti ṣìnà jù

Kò sí sókẹ́ẹ̀tì lórí àpáta. Bátìrì àti sólà ni, bọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ máa sùn. ESP8266 lè sùn wọra: ẹ so ẹsẹ̀ D0 mọ́ RST (ẹsẹ̀ tó ń tún bọ́ọ̀dù tan), òun ló máa ta á jí. Ẹ tú wáyà yẹn kúrò nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé kóòdù tuntun wọ inú bọ́ọ̀dù. Tí tèmi bá wà níbẹ̀, kóòdù kì í wọlé.

Mo kọ́kọ́ gbé iná bátìrì wọ VIN, ẹnu tí iná ń gbà wọ bọ́ọ̀dù, tààrà. Bátìrì tó kún jẹ́ fóòtì 4.2, mo rò pé ó tó. Ìwé ló sọ fún mi pé kò tó: ìlà á máa wọlé láti aago 10 àárọ̀, á dáwọ́ dúró ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí oòrùn bá ti mú. Ẹ̀yà ara bọ́ọ̀dù tó ń sọ iná di fóòtì 3.3, AMS1117, máa ń gbé tó fóòtì kan mì kó tó fún yín ní tiyín. Tí bátìrì bá ti sọ̀kalẹ̀ sí 3.9, ohun tó kù fún ESP ò tó mọ́, pàápàá lásìkò tí Wi-Fi bá tan, tó máa ń fa iná lójijì. Á kú, á jí, á tún kú. Mo fi kàpásítọ̀ 1000 µF, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́, sí i. Ó fi wákàtí kan péré kún un.

MT3608 ló yanjú rẹ̀, ó ń gbé iná bátìrì sókè sí fóòtì 5 kó tó wọ VIN. Ṣùgbọ́n mo so ó pọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n. Skúrúù kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń yan iye fóòtì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n yí i sí láti ilé iṣẹ́. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni èéfín tín-ín-rín jáde lára AMS1117. Nígbà tí mo wá fi mítà sí i, fóòtì 19 ni. Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ kú síbẹ̀, ₦7,500. Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì sí MT3608, mítà sí ẹnu kejì, ẹ yí skúrúù títí mítà á fi ka 5.0, kí ẹ tó mú un súnmọ́ bọ́ọ̀dù.

Kí n lè máa mọ bí bátìrì ṣe wà láti Ìbàdàn, mo gba rẹsítọ̀ 100k kan ṣoṣo láti ẹnu bátìrì lọ sí A0, ẹsẹ̀ tí bọ́ọ̀dù fi ń ka iye fóòtì. NodeMCU ti ní 220k àti 100k lára tẹ́lẹ̀, nítorí náà 100k tó kún un sọ A0 di ohun tó lè ka títí dé fóòtì 4.2 gẹ́lẹ́. Òpó karùn-ún nínú ìwé nìyẹn. Mo fi aṣọ bo pánẹ́ẹ̀lì láti fi dán an wò: bátìrì tó kún gbé e fún ọjọ́ márùn-ún láìrí oòrùn.

Ìpele 7: Àwo méje

Ẹ̀rọ tí oòrùn bá ń ta sí lára tààrà, ara rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Mo so tẹmómítà kan mọ́ abẹ́ igi máńgòrò, ó ka 33. Ní wákàtí kan náà, sẹ́ńsọ̀ inú ike ka 46.3.

Àwo rọ́bà funfun méje, ìbú wọn sẹ̀ǹtímítà 23. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé àárín mẹ́fà nínú wọn ní sẹ̀ǹtímítà 9, mo fi ìkeje sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ òrùlé. Mo lu ihò mẹ́ta sí etí ìkọ̀ọ̀kan, mo fi bóòtù gígùn sẹ̀ǹtímítà 30 gba inú wọn, nọ́ọ̀tì sókè nọ́ọ̀tì nísàlẹ̀, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 2.5 wà láàárín àwo méjì. Ojú àwo ń wo ilẹ̀, kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, kí atẹ́gùn sì máa gba àárín kọjá. Sẹ́ńsọ̀ wà láàárín gbùngbùn. Bọ́ọ̀dù àti bátìrì wà nínú ike ọ̀tọ̀ nísàlẹ̀, wáyà sẹ̀ǹtímítà 60 ló so wọ́n pọ̀. Mo kọ́kọ́ lo wáyà mítà 3, sẹ́ńsọ̀ ń sọnù mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́, bí mo ṣe gé e kúrú ló tán.

Ó ka 36.4. Ó ti sàn, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Mo gbé àwo kan sókè sí oòrùn, mo rí òjìji ìka mi gba inú rẹ̀ kọjá. Rọ́bà náà fẹ́lẹ́ jù. Mo kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ ọjọ́ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta: 33.9 nínú àwo, 33.5 lábẹ́ máńgòrò. Mo gbà á. Orí páìpù ni mo gbé e lé, mítà 1.5 sókè, mo fi sìmẹ́ǹtì mú ìdí páìpù nínú agolo ọ̀dà, torí ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́ ihò sínú àpáta yẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, agbọ́n ti ń mọ ilé amọ̀ sí àárín àwo kẹta àti ìkẹrin. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ojú wíńdò yí i ká.

Ìpele 8: MiFi tó ń sùn

MiFi wà nínú yàrá Màmá, mítà 22 sí àpáta, ògiri kan sì wà láàárín. Mo gbé e sójú wíńdò, agbára Wi-Fi dára sí i, láti -81 sí -67. Síbẹ̀, ìlà ń fò. Àṣé MiFi náà máa ń pa Wi-Fi rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí kò bá rí ẹni lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ọ̀dù mi sì ń sùn fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wọ ojú ewé ètò rẹ̀, mo pa oorun yẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé 2.4 GHz nìkan ni ESP8266 mọ̀.

Ti iná tó ń lọ àti nẹ́tíwọọ̀kì tó ń ṣe ségesège, mi ò lè pa á. Mo ní kí bọ́ọ̀dù máa pa ìkà tí kò bá lè fi ránṣẹ́ mọ́ sínú ìrántí RTC rẹ̀, èyí tí oorun kì í pa rẹ́. 48 ló lè gbà nínú kóòdù mi, wákàtí 12 nìyẹn. Nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá dé, á fi èyí tó pẹ́ jù ṣáájú, mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ iye ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti kọjá. Iṣẹ́ "eyin" nínú kóòdù òkè yẹn nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí ìlà àná gba àsìkò àná.

Ohun tí ìwé fi hàn

Láti ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 19 oṣù kejìlá 2024, ó yẹ kí ìlà 2,880 wọlé. 2,820 ló wọlé. Ọgọ́ta tó sọnù, ọjọ́ kan ni gbogbo wọn sọnù, nígbà tí MiFi kú fún wákàtí 27.

Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ dá mi níjì. Fóònù mi ní 1012 hPa (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́), ẹ̀rọ mi ní 961. Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ máa ń ṣírò tiwọn bí ẹni pé etíkun ni gbogbo ìlú wà, Ṣakí sì ga ju etíkun lọ. Ẹ̀rọ mi ò ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún rí i pé ìlà ìtẹ̀ náà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, mo sì ti fẹ́ tú sẹ́ńsọ̀ palẹ̀. Bó ṣe ga ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ ló ṣe ń ga ní aago 10 alẹ́. Bó ṣe lọ sílẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló ṣe ń lọ sílẹ̀ ní aago 4 ìdájí. Oòrùn tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ló ń fà á, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló sì ti ń hàn jù. Afẹ́fẹ́ ń mí lórí wa bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òpó ọ̀rinrin ni mo tìtorí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ọ̀rinrin fi ń wà lábẹ́ 50%. Láti aago 9 alẹ́ ó ti ré kọjá 80%, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ títí di aago 8 àárọ̀. Wákàtí mẹ́fà ni gbodo fi ń gbẹ, wákàtí mọ́kànlá ló fi ń fa omi padà. Irú òru tí mo ní kí Màmá fi gbodo sílẹ̀ síta ní 2023 nìyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ wá wọlé nínú oṣù kejìlá, ọ̀rinrin ọ̀sán já sí 18%, ti òru ò sì ju 45% lọ. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa kó gbodo wọlé.

Mo ṣètò ìwé kí àpótí ọ̀rinrin di pupa tó bá ti kọjá 65. Ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ àgbà á ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ pupa, wọ́n á kó o. Tí ọyẹ́ bá fẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀. Màmá ṣì máa ń mú gbodo kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì létí wọn, wọ́n á gbọ́ bó ṣe dún, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ funfun inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ohun tí ìwé wí. Látìgbà tí mo ti ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ náà ń sùn, tó bá di àárọ̀ tí wọ́n bá pè mí, lẹ́yìn tí mo bá ti kí wọn tán, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan yẹn ti jí?"

Ohun tó kù: abà kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe lẹ́yìn ilé ìdáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá gbodo sí tí òjò bá ṣú. Ìfura mi ni pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìta lọ torí kò lójú afẹ́fẹ́. BME280 kejì ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti ka nọ́ńbà inú rẹ̀, 0x60 ni, ó sì ti wà nínú ìgò iyọ̀ láti àná.

Ìlà tó wọlé kẹ́yìn kí n tó kọ èyí: aago 5:45 ìrọ̀lẹ́, 31.2°C, 24%, 959.6 hPa, bátìrì 4.08. Gbodo wà lórí àpáta, ibẹ̀ náà ló máa sùn.